Ilé Oníyàrá Mẹ́rìndínlógún

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kò sí lára àwọn tí olùkọ́ yín máa ń dárúkọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì, kì í ṣe iṣẹ́ oko. Iṣẹ́ ilé nọ́ńbà ni. Irùngbọ̀n mi kò tíì hù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ti funfun kí n tó fi í sílẹ̀. Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Ìgbàjà, Òkè-Onígbìn, kò sí ibi tí mi ò ti ṣe é níwájú èrò.

Ẹni tí kò bá rí i rí, báyìí ló ṣe rí. Màá ní kí ẹnìkan pe nọ́ńbà kan. Bí ó bá ti pè é, màá ya àpótí onígun mẹ́rin, màá pín in sí yàrá mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Màá wá máa fi nọ́ńbà sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, láìdúró, láìka ìka, láìmi ètè. Bí mo bá parí, ẹ ro ìlà àkọ́kọ́ pọ̀: nọ́ńbà tí ẹ pè ni. Ẹ ro ìkejì: òun ni. Ẹ rò ó láti òkè wá sílẹ̀, òun ni. Ẹ rò ó láti igun dé igun, òun náà ni. Ọ̀nà mẹ́wàá ló wà láti wọ ilé náà, ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ ó sì máa bá níbẹ̀.

Èrò máa ń pariwo fún oníjó. Fún èmi, wọ́n máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù láyé mi.

Bàbá Múmíní, ọmọ Ṣàárẹ́, ló kọ́ mi níṣẹ́. Àárín àwọn Nupé ló dàgbà sí, débi pé bí inú bá bí i, èdè Nupé ló fi ń bú mi, èmi á sì máa rò pé àdúrà ló ń ṣe. Ó wá sí Àrán-Ọ̀rin, ìlú wa, lọ́jọ́ ọjà kan, ó fi igi ya ilé oníyàrá mẹ́sàn-án sílẹ̀, ó fi nọ́ńbà kún un. Mo rí i pé ajá kan tó ń bọ̀ dúró létí ilé náà, ó gbóòórùn ìlà rẹ̀, ó sì yí i po dípò kó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ̀lé e.

Bàbá mi kò fẹ́. Alàgbà ìjọ ni. Ó ní, “Ọmọ alàgbà, kó lọ máa gbé àpò fún onítírà!”

Bàbá Múmíní dá a lóhùn pé, “Bàbá Sámú, èmi kì í ṣe onítírà. Tírà ń ṣe ìlérí. Ẹ bi gbogbo ẹni tó ti wo iṣẹ́ mi rí, bóyá mo ṣe ìlérí kankan fún wọn.”

Bí wọ́n ṣe wá gbà, àti ohun tó ń wọlé fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó. Mo jẹun, mi ò sì sùn níta.

Ọ̀gá mi le. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í ṣe fún ilẹ̀ gbígbá. Bí mo bá ń kọ nọ́ńbà tí ètè mi mì báyìí, pẹ̀ẹ́! ó ti bà mí lẹ́nu. “Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n ń dá ọ lóhùn ni?” Bí mo bá dúró lórí yàrá kan, yóò ní, “Ẹni tó ń ṣe tìkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, olè ni.” Nígbà mìíràn ó máa ní kí n ya ilé òfìfo sílẹ̀, kí n jókòó tì í títí òjìji igi á fi bò ó.

“Kí ni kí n máa wò, Bàbá?”

“Yàrá tó ń pè ọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé yàrá kan máa ń dúdú díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ni ọwọ́ mi sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀, mi ò sì ní parọ́ pé mo lè ṣe é.

Òfin méjì ló fún mi. Èkíní: ìwọ tí o kọ ilé ni kí o pa á rẹ́ kí o tó kúrò níbẹ̀. Ó ní, “Ilé tí onílé fi sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹni tí a ò mọ̀ ló máa ń wọ̀ ọ́.” Èkejì: má gba nọ́ńbà tó bá jẹ́ iye ènìyàn alààyè. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe nọ́ńbà, mo gbọ́dọ̀ bi í pé, “Kí ni ẹ fi kà?” Bó bá ní ebè iṣu, bó bá ní ọsàn orí igi, mo kọ ọ́. Bó bá ní ìyàwó tàbí ọmọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó pe òmíràn.

Ilé oníyàrá mẹ́sàn-án ti ọ̀gá mi ní àlébù kan: nọ́ńbà tó bá ṣe é pín sí mẹ́ta nìkan ló lè gbà. Bí ẹnìkan bá pe ogójì, ó di àwàdà: “Ogójì ti pọ̀ jù fún ilé wa, ẹ dín in kù!” Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀wà dán yàrá mẹ́rìndínlógún wò nínú iyanrìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọyẹ́ kan dé ọyẹ́ kejì, láìsí ẹni tó kọ́ mi. Mo rí i pé ó lè gba nọ́ńbà èyíkéyìí láti mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ sókè. Bó bá kéré sí ìyẹn, nọ́ńbà kan á máa wà ní yàrá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá ń gbé yàrá méjì kì í ṣe ènìyàn tí mo fẹ́ bá pàdé.

Nígbà tí mo fi han ọ̀gá mi, ó yí ilé náà po. Ó wá bi mí pé, “Ta ló fi hàn ọ́?”

“Èmi ni mo wá a rí, Bàbá.”

“Hẹn-ẹ́n. Ẹni tó wá nǹkan rí, nǹkan náà ti rí òun pẹ̀lú.” Láti ọjọ́ yẹn, kò fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ bà mí mọ́.

Lọ́jọ́ òmìnira, àwọn olùkọ́ pè wá sí pápá kan ní Òmù-Àrán. Àsíá bébà ló kún ọwọ́ àwọn ọmọ. Mo ní kí wọ́n pe nọ́ńbà, ọkùnrin kan sì ké láti ẹ̀yìn pé, “Ọgọ́ta!”

“Kí ni ẹ fi kà, sà?”

“Ọdún tí a wà nínú rẹ̀ ni! Àbí ọdún náà ní ìyá tó máa bínú?”

Obìnrin kan dá sí i pé, “Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ jàre, ọmọ tí kò lè ka ẹran inú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀!” Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́: mẹ́jọ, mọ́kànlá, ogójì, ení, ìlà àkọ́kọ́ nìyẹn. Àwọn tó mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí rò ó sókè. Ìlà kìíní, ọgọ́ta. Ìlà kejì, ọgọ́ta. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí kú láti iwájú lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fi oko àgbàdo sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dé igun dé igun, àsíá bébà nìkan ló ń dún. Obìnrin tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ti fa ìborùn bo ojú ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Irinṣẹ́ mi yí padà léraléra. Iyanrìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó dára, ẹsẹ̀ lásán lo fi ń pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni síléètì, èyí tí àwọn tó wà lẹ́yìn kì í rí. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀dù dúdú àti ṣọ́ọ̀kì, tí mò ń dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Bí mo bá ń gun òkè, atẹ́gùn á máa tì í bí ẹni pé ẹnìkan wà lórí rẹ̀. Kádíbọ́ọ̀dù àti máákà ló tẹ̀lé e, òun ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà, torí pé máákà kì í parẹ́; fífàya ni mò ń fa ilé náà ya kí n tó kúrò. Ẹ̀rọ ìṣírò dé, èrò kò ro nǹkan sókè mọ́, ìka nìkan ló ń dún, ka-ka-ka, bí kòkòrò inú igi. Fóònù ló kẹ́yìn. Kí n tó gbé aṣọ ìnupátákó, wọ́n ti ya fọ́tò. Mo pa ilé rẹ́ lójú bọ́ọ̀dù, ó wà lápò ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Mi ò mọ iye ilé mi tó ṣì wà ní ṣíṣí káàkiri báyìí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí, màá ní kí ẹ kọ́ ọ, bí ìdákẹ́ kò bá bà yín lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ọ̀sán kan wà tí mo ti fò kọjá. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí n tó dé orí máákà àti fóònù, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀lé e.

Ọdún tí wọ́n yọ wá kúrò lára Àríwá, tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, èyí tó di Kwara, ni. Iṣu tuntun ti jáde. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúndélé wá pè wá láti abúlé kan tí kò jìnnà sí Òkè-Onígbìn. Ó ní bàbá òun, Bàbá Àjàdí, kì í jẹun dáadáa mọ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Kí a wá dá a lárayá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo agboolé náà mọ̀, tí àwa àlejò kò mọ̀. Bàbá Àjàdí ní ọmọkùnrin kan ní Jọ́ọ̀sì, tó ń ṣe iṣẹ́ kùsà, níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran nínú ilẹ̀. Ìyàwó ọmọ yìí, Ìyá Àlàbí, ti padà wálé pẹ̀lú Àlàbí, ọmọkùnrin rẹ̀. Ó tún ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àdùnní, ààyò bàbá àgbà. Ibà ti pa Àdùnní ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa: a kì í túfọ̀ ọmọdé fún arúgbó. Wọ́n ní bí Bàbá bá gbọ́, yóò bá a lọ. Wọ́n wá kìlọ̀ fún Ìyá Àlàbí pé kò gbọdọ̀ sunkún nínú agboolé, kò gbọdọ̀ fa ojú ro. Láràárọ̀ ni Bàbá ń bi í pé, “Àdùnní ńkọ́?” Yóò kúnlẹ̀, yóò ní, “Ó wà ní Jọ́ọ̀sì, Bàbá. Ó ń kí yín.”

Gbogbo agboolé jókòó yí mi ká. Ọ̀gá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Àjàdí lórí àga, torí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, èmi ló sì ń ṣiṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ pe nọ́ńbà kan fún wa, Bàbá.”

“Mẹ́tàlélógójì.”

“Kí ni ẹ fi kà, Bàbá?”

“Ọmọ ọmọ mi.”

Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ mi. Ògúndélé ti dìde. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ọsàn kà. Ṣé ẹ rí ọsàn ẹ̀yìnkùlé...”

“Jókòó, Délé. Ọsàn kọ́ ló bí ọ.”

Mo wo ọ̀gá mi. Ó gbé orí sókè sí ibi tí ohùn arúgbó náà ti wá, ó ní, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ ló ka ọmọ ara rẹ̀ yìí. Kọ ọ́, Sámú.”

Mo kọ ọ́ báyìí:

8 – 11 – 23 – 1
22 – 2 – 7 – 12
3 – 25 – 9 – 6
10 – 5 – 4 – 24

Fún àwọn tí kò mọ nọ́ńbà kà, ọ̀nà kan wà tí mo máa ń gbà fi hàn wọ́n. Mo máa ń ka èkùrọ́ fún yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ìlà kan, màá da gbogbo rẹ̀ sínú igbá, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kà á. Mo ṣe é fún ìlà ìsàlẹ̀: mẹ́wàá, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́rìnlélógún. Bí mo ṣe fẹ́ gbé igbá náà fún Ògúndélé, Bàbá Àjàdí na ọwọ́.

“Má gbé e fún un. Kí àwọn ọmọ wá mú un, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá sí nílé, kí ìyá rẹ̀ mú un fún un.”

Àwọn ọmọ sáré wá, wọ́n ń ti ara wọn. “Ìwọ Ràúfù, ẹyọ kan ni wọ́n ní, wọn ò ní ẹ̀kúnwọ́!” “Bàbá àgbà, ṣé ká pa á jẹ?” “Jẹ eyín ẹ ná.” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò sí ìyá kankan tó ń rẹ́rìn-ín. Àlàbí mú tirẹ̀. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní Ìlọrin tàbí ní Òmù-Àrán wá, wọ́n mú un, wọ́n padà láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ẹyọ kan nínú igbá. Ìyá Àlàbí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ohun tó ní láti ṣe kò ju kó mú èkùrọ́ kan. Wọn ò ní kó búra. Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà dúró lókè igbá, kò lọ, kò bọ̀.

“Ìyàwó, mú un,” Ògúndélé sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó tún un sọ: “Mo ní kí o mú un jàre.”

Ẹnu obìnrin náà ti mọ irọ́ yìí láràárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Mo ń wo bọ́ọ̀dù mi, ó sì dà bíi pé ó ti jìn sẹ́yìn, pé àwọn yàrá náà ní ilẹ̀kùn.

“Fi í sílẹ̀, ọmọ mi,” Bàbá Àjàdí wí. “Ọmọ tó wà ní Jọ́ọ̀sì kì í wá kí mi ní ìrọ̀lẹ́.”

Ó nàka sí ẹnu ọ̀nà agboolé.

“Láti ìgbà tí o ti dé ni. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, yóò ní, ‘Bàbá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́.’ Mo máa ń dá a lóhùn. Ẹ̀yin á máa wo ara yín, ẹ ó ní orí arúgbó ti dàrú. Mo ní kó wọlé, kì í wọlé. Ó ń retí nǹkan kan, mi ò mọ ohun tó ń retí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ òótọ́ fún mi kí n lè mọ̀ ọ́n.”

Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà náà. Ọmọ kékeré kan tó dúró níbẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń fún ẹlòmíràn láyè.

Bàbá Àjàdí kọjú sí mi. “Kọ òmíràn fún mi. Méjìlélógójì.”

Àṣírí iṣẹ́ mi nìyí, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: nínú yàrá mẹ́rìndínlógún, méjìlá kì í yí padà láé. Mẹ́rin péré ló ń ru nọ́ńbà tí èrò bá pè. Mo mú aṣọ, mo pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. Mẹ́tàlélógún di méjìlélógún. Méjìlélógún di mọ́kànlélógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n di mẹ́rìnlélógún. Mẹ́rìnlélógún di mẹ́tàlélógún. Ètè mi mì, mo mọ̀ pé ó mì. Ọ̀gá mi kò sọ nǹkan kan.

Arúgbó náà wo bọ́ọ̀dù pẹ́. “Mẹ́rin péré lo fọwọ́ kàn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ìlà wo ni kò kàn?”

Mo ti kọ ilé yẹn débi pé mo lè kọ ọ́ lójú oorun, mi ò sì tíì bi ara mi ní ìbéèrè yìí rí. Mo wò ó ní ìbú, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Mo wò ó ní òró, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wo igun dé igun, àti igun kejì.

“Kò sí, Bàbá,” mo dá a lóhùn. “Kò sí ìlà tí kò kàn.”

Ó mi orí. Ó tẹ̀ síwájú, ó mú èkùrọ́ tó kù nínú igbá, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àlàbí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìka obìnrin náà dé.

“O ti dá a rù tó, ìyàwó mi. Wá sunkún.”

Ẹkún tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò ní gbìyànjú láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí omi tó ń wá sókè nínú kànga. Àwọn ìyá yòókù bú sẹ́kún pẹ̀lú rẹ̀, Ògúndélé di òpó ilé mú. Mo nu bọ́ọ̀dù, mo di ọ̀gá mi lọ́wọ́ mú, a sì jáde. Ẹkún náà tẹ̀lé wa títí a fi dé títì.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo bá Ìyá Àlàbí pàdé lọ́jà Òkè-Onígbìn, ó pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun sunkún títí ohùn òun fi há lọ́jọ́ yẹn, àti pé nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Bàbá Àjàdí yí àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró de Àdùnní. Gbogbo wọn bá a dúró. Ilẹ̀ ṣú. Kò sẹ́ni tó kí i.

“Ó ti gbọ́ ẹkún ìyá rẹ̀,” Bàbá wí, ó sì ní kí wọ́n gbé iṣu wá fún òun.